Ìbọn ìléwọ́ mélòó ni ó tó láti pè ní àkójọ?

Àbúrò wa kan, ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ni ó kọ ìbéèrè yìí sí mi:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́. Ìbọn ìléwọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, Glock 19 tí mo rà ní ọdún 2021. Àwọn tí a jọ ń lọ sí pápá ìyìnbọn ní ọjọ́ Sátidé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹyọ kan kì í ṣe àkójọ. Wọ́n ní àkójọ tí ó bá pé gbọ́dọ̀ ní ribọ́fà, kí ó ní 1911, kí ó ní .22, kí ó ní èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ àpò ṣòkòtò, kí ó sì ní .44 Magnum tí yóò máa di èèyàn létí. Èwo ni kò ṣeé má ní nínú wọn, èwo ni ó jẹ́ àṣejù? Ìbéèrè kejì: lọ́jọ́ tí mo bá ń padà bọ̀ wá sí Òṣogbo, ṣé mo lè kó wọn sínú ẹrù?"

Fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ìbọn: nọ́ńbà bíi .22, .38, .44 àti 9mm ń sọ bí ọta ṣe fẹ̀ tó. Ribọ́fà ni ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ wà nínú àgbá kékeré tí ń yí; písítù òde òní, bíi Glock 19 àti 1911, inú mágásíìnì tí a ń tì bọ ìdí ìbọn ni ọta tirẹ̀ wà.

Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni ó lè gbé èèyàn dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. O kò lè kó wọn wá. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959, tí ó ṣì múlẹ̀ títí di òní, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n to àgbá ogun, bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta sí, ni wọ́n fi ribọ́fà àti písítù sí. Ààrẹ nìkan ni ó lè fún èèyàn ní àṣẹ lórí wọn, ẹni tí wọ́n bá sì ká wọn mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó kéré jù fún un. Òfin náà kò yọ písítù ayé àtijọ́ tí ó ń fi òkúta ṣáná sílẹ̀. Ìsọ̀rí kejì ni Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ń fọwọ́ sí, ìyẹn ìbọn ẹlẹ́nu-méjì àti irú rẹ̀ tí kì í ki ọta fún ara rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbọn ọdẹ kan. Ṣakabùlà sì wà ní ìsọ̀rí kẹta. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀, ọ̀hún ni ìwọ yóò ti ta gbogbo wọn, bí èmi náà ṣe ta tèmi. Ohun gbogbo tí n ó sọ láti ibí lọ, ti ẹni tí ó ń gbé níbi tí òfin ti gbà á láàyè ni. Kò sí ìbọn kankan nílé mi ní Òkè-Fìà.

* * *

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí mo ti kọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọdún 14 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ alẹ́ ní Houston, irú èyí tí a ń fi ìbọn sí ìbàdí ṣe, Texas kì í sì í jẹ́ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìyege nínú ìdánwò ìyìnbọn. Ìbọn kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni mo ní nígbà tí mo parí. N kò mọ bí wọ́n ṣe di mẹ́sàn-án. Bí iṣu ṣe ń ta nínú àká ni wọ́n ṣe pọ̀ sí i: ọ̀rẹ́ kan fẹ́ kó kúrò nílùú, ó ní kí n gba tirẹ̀; ẹ̀dínwó dé ní ìparí ọdún; mo rí èyí tí bàbá mi ìbá fẹ́ràn.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ ní ọdún 2019, mo tẹ́ wọn lọ sórí tábìlì, mo sì mú ìwé pélébé kan tí mo máa ń kọ iye ọta tí mo bá yìn sí jáde. Mẹ́ta péré nínú mẹ́sàn-án ni ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ọta tí mo ti fi owó iṣẹ́ mi rà. Méjì wà níbẹ̀ tí n kò yin ọta páálí kan tán nínú wọn láti ọjọ́ tí mo ti rà wọ́n. Àwọn mẹ́ta tí mo lò ni .22 kan, písítù 9mm kan, àti ribọ́fà .38 kan. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: mẹ́ta. Àwọn tí ó kù, ìfẹ́ ni, n kò sì sọ pé ìfẹ́ burú, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń gba èèyàn nímọ̀ràn má pe ìfẹ́ ní dandan.

* * *

Ìdáhùn yìí mú kí àwọn òǹkàwé mìíràn kọ̀wé sí mi. Ẹnìkan kọ̀wé láti Dallas pé .22 kì í ṣe ìbọn, pé ohun ìṣeré ọmọdé ni, àti pé kí àbúrò fi owó yẹn kún owó ìbọn gidi.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì lè kó ọta márùn-ún jọ sójú kan tí ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ láti yáàdì 15. Ọta .22 Long Rifle ti wà láti ọdún 1887, òun ni ó ṣì rọ̀jú jù lọ́jà, kì í sì í ti ọwọ́ èèyàn. Ohun tí àwọn tí ó ń pè é ní ìṣeré kò rò ni pé kì í ṣe ojú ni ó ń ba ìyìnbọn jẹ́, ọwọ́ tí ó ń retí ariwo ni. Kí ìbọn ńlá tó dún ni ọwọ́ ti mọ̀ pé ó fẹ́ dún; ọrùn ọwọ́ á tẹ̀, imú ìbọn á wolẹ̀, ọta á sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí a fojú sùn. Ẹni tí kò bá yin ohunkóhun yàtọ̀ sí 9mm láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lè máa ṣe àṣìṣe yìí fún ọdún márùn-ún kí ó máa di ẹ̀bi ru ìbọn.

Bí èmi ṣe mọ̀ pé èmi náà ń ṣe é nìyí. Olùkọ́ wa ní pápá gba ìbọn mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ki ọta sínú mágásíìnì, ó sì ti ọta òkú méjì bọ àárín àwọn tí ó yè láìjẹ́ kí n mọ ipò tí wọ́n wà. Mo yin ẹ̀ẹ̀kan, ó dún. Mo yin ẹ̀ẹ̀kejì, ó dún. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣe "kẹ́", kò dún, síbẹ̀ orí ìbọn mì wálẹ̀ bí orí alángbá. Gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn mi rí i. Oṣù mẹ́rin ni mo fi padà sórí .22 lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Èyí tí mo ní jẹ́ ti Ruger. Písítù .22 ni ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1949, ìran rẹ̀ sì ni wọ́n ṣì ń ṣe. Bí o bá fẹ́ rà á, ra Mark IV, èyí tí ó jáde ní ọdún 2016, nítorí bọ́tìnnì kan péré ni wọ́n ń tẹ̀ kí ó tó tú. Mark III ni tèmi. Ọjọ́ Àìkú odindi ni mo fi tò ó padà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u láti nù ún, ìyàwó mi sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ó dé bá mi lórí ìjókòó kan náà. Ohun kan tún wà: etí ìdí ọta .22 ni ìṣáná rẹ̀ wà, kì í ṣe àárín, nítorí náà má máa yin .22 lófìfo láti fi kọ́ ọwọ́ àyàfi bí ìwé tí ó bá a wá bá sọ pé kò léwu, torí irin tí ó ń gún ọta lè máa gún etí ihò ìbọn fúnra rẹ̀ kí ó sì bà á jẹ́.

* * *

Àgbàlagbà kan tí ó sin ilẹ̀ Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ ológun bínú pé n kò ka 1911 mọ́ mẹ́ta mi. Bàbá, ẹ má bínú. N kò kóyán rẹ̀ kéré. John Browning ni ó ṣe é, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbà á ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911. Ó wà ní ìbàdí wọn nínú ogun àgbáyé méjèèjì, wọn kò sì fi Beretta rọ́pò rẹ̀ títí di ọdún 1985. Mo ní ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án mi. Apátí rẹ̀, irin tí ìka ń fà kí ó tó dún, dùn ún fà ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè àbúrò ni pé èwo ni kò ṣeé má ní. Ọta méje ni 1911 ń gbà nínú mágásíìnì rẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. 15 ni Glock 19 ń gbà, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa. Owó ọta .45 kan máa ń ju ti 9mm lọ, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ń náwó oṣù kan náà yóò yin díẹ̀, yóò sì mọ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ni ó ń fa èèyàn lọ sídìí 1911, mo ní àbá mìíràn fún ọmọ Nàìjíríà. Browning kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ písítù tí a mọ̀ sí Hi-Power, ó kú ní Belgium ní ọdún 1926 kí ó tó parí rẹ̀, Dieudonné Saive sì bá a parí rẹ̀. Ó jáde ní ọdún 1935 pẹ̀lú ọta 13 nínú mágásíìnì. Òun ni àwọn ọ̀gá ológun tiwa níbí so mọ́ ìbàdí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó dàgbà ní Òṣogbo láyé ìjọba ológun mọ àwòrán rẹ̀ láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ìtàn bá jẹ́ ìdí tí a fi ń ra ìbọn kẹrin, ìtàn ta ni a fẹ́ rà?

Lórí bóyá 9mm "tó" láti dá ẹni tí ó ń kọlu èèyàn dúró tàbí kò tó, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí po. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn agbófinró FBI kojú ọlọ́ṣà méjì ní Miami, méjì nínú àwọn agbófinró náà sì kú. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣà náà ti jẹ ọta 9mm tí ó wọlé láti apá lọ sí àyà, ṣùgbọ́n ọta náà dúró kí ó tó dé ọkàn, ó sì ń bá ìjà lọ. Wọ́n di ẹ̀bi púpọ̀ ru ọta náà. FBI wá lọ sórí 10mm, lẹ́yìn náà .40, àwọn ọlọ́pàá ìlú ńlá ìlú kékeré sì tẹ̀ lé wọn. Nǹkan bí ọdún 2015, FBI padà sórí 9mm: wọ́n ní ọta ti sàn ju ti àtijọ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń yin 9mm bá ojú àmì jù, ó sì ń gba ọta tí ó pọ̀ sí i. Ọgbọ̀n ọdún àríyànjiyàn, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti gbéra. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ .40, ó lè rí ti ọlọ́pàá tí wọ́n tà síta rà ní owó pọ́ọ́kú nítorí ìyípadà yìí gan-an.

Glock 19 tí àbúrò ní, tí ó ti wà láti ọdún 1988, ti bo ipò 9mm. Kò sí ohun tí ó yẹ kí ó rà kún un níbẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹni tí ó béèrè pé ṣé ọgbẹ́ kankan ti kàn mí rí, ó kàn mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo di písítù mú. Bí a ṣe ń di ọ̀bẹ ńlá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ni mo ṣe dì í, mo gbé àtàǹpàkò òsì kọjá sẹ́yìn ìbọn lórí ọwọ́ ọ̀tún. Irin tí ó bo orí písítù máa ń fò sẹ́yìn nígbàkígbà tí ó bá dún, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ya awọ ìdí àtàǹpàkò mi ní ilà méjì tí ó ṣe déédéé bí ilà Ọ̀ṣogbo. Ojú kò tì mí tó bí ó ṣe yẹ kí ó tì mí, nítorí olùkọ́ náà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àtàǹpàkò méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí wọ́n na orí síwájú.

* * *

Obìnrin kan ní Atlanta béèrè pé ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún òun ní ilé ìtajà ìbọn kan, pé ribọ́fà kékeré ni ó yẹ obìnrin.

Èmi kò gbà, ìyàwó mi náà kò sì gbà. Irú ribọ́fà tí wọ́n ń nà sí obìnrin ni ọlọ́ta márùn-ún tí kò wúwo ju fóònù méjì lọ, tí ohun tí a fi ń fojú sun àmì lórí rẹ̀ kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Nínú gbogbo ìbọn tí ó wà nílé ìtajà náà, òun ni ó ṣòro láti yìn jù. Apátí rẹ̀ le, ọ̀pá rẹ̀ kúrú, bí ó sì ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ta ọwọ́ èèyàn tó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi yìn ín, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí wọ́n gbà á padà. Ribọ́fà onírin gidi, èyí tí ó wúwo, ni ó wá mú, ìyẹn Smith & Wesson Model 10. Láti ọdún 1899 ni ìran rẹ̀ ti wà, wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ nínú rẹ̀, òun ni ó sì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí písítù tó gbapò. Wíwúwo rẹ̀ ni ó ń gbé ìtàpá mì.

Ìdí tí mo fi ka ribọ́fà mọ́ mẹ́ta mi kì í ṣe pé ó dára ju písítù lọ fún ìjà. Ọta mẹ́fà ni, ìdíwọ́ sì wà nínú kíkí rẹ̀. Ohun tí ó ń kọ́ni ni mo fẹ́ràn. Bí o bá ṣí àgbá kékeré tí ó ń yí ní àárín rẹ̀, ojú rẹ yóò rí ihò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ọta tàbí kò ní, kò sí ohun tí ó lè pamọ́. Písítù kò rí bẹ́ẹ̀: èèyàn lè yọ mágásíìnì kí ọta kan ṣì wà nínú ọ̀pá, irú ọta tí èèyàn gbàgbé yìí sì ti pa ọ̀pọ̀ ẹni tí ó lérò pé òfìfo ni òun di mú. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni o fẹ́ rà nínú ribọ́fà, mú .357 Magnum onírin, nítorí yóò yin ọta .38 Special pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni .38 kò lè yin .357.

Ẹnìkan ní Ìlá sọ pé ribọ́fà ti di ohun ìgbàanì, pé ẹni tí ó bá ní nǹkan tuntun kò gbọdọ̀ fojú wẹ̀yìn. Ó yẹ kí ọmọ Ìlá mọ̀ pé àríyànjiyàn ìbọn tuntun àti ìbọn àtijọ́ kì í ṣe ti òní ní sàkání wa. Ní ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, ìbọn tí a ń ki láti ẹnu ni Ìbàdàn gbé dé ojú ogun ní Ìgbájọ. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ wá rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí gbà láti Èkó, ariwo tí wọ́n ń pa sórí òkè ni ó sì sọ ogun náà ní orúkọ. Ìbọn tuntun yẹn yí ogun padà, mo gbà. Síbẹ̀ kò parí rẹ̀. Ọdún 1893 ni ogun náà tó tú ká.

* * *

Nípa bí a ṣe ń tọ́jú ohun tí a bá rà. Ooru àti ọ̀rinrin Houston kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun nínú oṣù keje. Mo fi ribọ́fà mi sínú àkọ̀ aláwọ tí ó lẹ́wà, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ìgbà ooru tí ó ń mú òógùn yọ sì kọjá kí n tó ṣí i. Awọ ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nígbà tí mo fà á yọ, ìpáàrà ti to ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ìbọn ní ojú ẹsẹẹsẹ, tótó-tótó, gẹ́gẹ́ bí òwú tí wọ́n fi rán àkọ̀ náà ṣe tò gan-an. Èèyàn lè ka ojú rírán rẹ̀ lára irin. Mo fi epo àti irun irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àmì náà kò lọ títí mo fi tà á, ẹni tí ó rà á sì yọ owó lára rẹ̀ nítorí rẹ̀. Àkọ̀ wà fún ìbàdí. Ìbọn tí ó bá fẹ́ sùn, kí ó sùn sínú aṣọ tí a fi epo tọ́, pẹ̀lú àpò èròjà tí ń fa omi mu.

* * *

Ìbọn àpò àti .44 kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbọn tí ó lè wọ àpò dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí aṣọ rẹ̀ kò gba èyí tí ó tóbi. Nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò gba ìbọn wọlé kò ní ibi tí yóò gbé e dé. .44 Magnum jáde ní ọdún 1955, ó dára fún ọdẹ tí ó ń kojú béárì. Kò sí béárì ní Houston. Bí ó bá ń wù ọ́ láti gbọ́ bí ó ṣe ń dún, yá ti ọ̀rẹ́ rẹ ní pápá, bo etí rẹ nílọ̀ọ́po méjì, yin mẹ́fà, kí o dá a padà.

* * *

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Texas bi mí níkọ̀kọ̀ pé ṣé òun náà lè bẹ̀rẹ̀ àkójọ, mo sì ń dáhùn ní gbangba nítorí ó lé ní ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àlejò, òfin àpapọ̀ kò gbà kí ó ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ rárá, àyàfi bí ó bá bọ́ sínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ṣíṣe tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹni tí ó ní káàdì ìgbélùú, èyí tí a ń pè ní green card, lè rà. Texas ti gbà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 pé kí ẹni ọdún 21 sókè tí òfin kò dí lọ́wọ́ máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìsí ìwé àṣẹ, àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́ èyí bí ẹni pé òfin àpapọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Kò kúrò.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé kí ọ̀rẹ́ tí ó ní ìwé lọ ra ìbọn fún ọ̀rẹ́ tí kò ní. Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ ní ilé ìtajà bi èèyàn ní kedere pé ṣé ìwọ gan-an ni o ń rà á fún ara rẹ. Ẹni tí ó bá purọ́ níbẹ̀ ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí ó lè tó ọdún 15 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin tuntun lórí rẹ̀ ní ọdún 2022. Kí a má fi àánú ara ìlú ṣe èyí. Mo mọ ẹnìkan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é fún àbúrò ìyàwó rẹ̀; òǹtàjà náà rí i pé ẹni tí ó dúró sẹ́yìn ni ó ń yan ìbọn, ó sì lé àwọn méjèèjì jáde.

* * *

Àríyànjiyàn tí ó gbóná jù ni ti séèfù. Apá kan ní ìbọn tí ó wà nínú séèfù kò wúlò lọ́jọ́ tí olè bá dé. Apá kejì ní ìbọn tí kò sí nínú séèfù ti di ti ọmọ ilé. Mo ti wà ní apá méjèèjì rí, ọmọ mi ọkùnrin ni ó mú mi kúrò ní ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ó bi mí nídìí oúnjẹ pé kí ló dé tí "nǹkan dúdú" tí ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù fi wúwo. Kò tíì gbé e, ó kàn fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tì í wò ni. Ní ọjọ́ kejì, mo ra séèfù kékeré tí ó ń ṣí bí a bá tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, mo sì fi bóòtì kàn án mọ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pátákó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá tí mo fi ń ṣí i nínú òkùnkùn: mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ní mẹ́rin pọ̀ jù kò tíì gbọ́ ìbéèrè tí mo gbọ́. Òfin Texas náà kò fojú fo ó, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tí ó bá jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 dé ibi tí ìbọn tí a ti ki wà.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí písítù tó dé: ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Bàbá mi, tí ó ń ṣọdẹ láti Ọ̀bà Ilé títí dé Ìrágbìjí, kì í gbé ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀kùn láìkọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òfìfo ni, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni ó ti fẹ́ ẹ. Mo ti rò ó pé àsọtúnsọ ni, mo sì wá bá ohun kan náà nínú ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ ní Texas: gbà pé ó ti ki, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi wò ó.

Nítorí náà, àbúrò, kí o tó ra ìbọn kejì, séèfù ni kí o kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà ni ọta. Àwọn tí wọ́n ní ìbọn mẹ́wàá nílé ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé tí ọta wọ́n bí ojú, kò lè yin ọ̀kan nínú wọn; èmi tí mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ibí ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà láàárọ̀ kùtù nítorí páálí kan.

* * *

Àbúrò ti kọ̀wé padà. Ó ní òun ti ra séèfù, òun sì ti rí Mark IV àlòkù kan tí ẹni tí ó ni ín kò fi bẹ́ẹ̀ lò, ṣùgbọ́n pé ọta tí òun rà fún un ń há nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú bí ogún, àwọn ọ̀rẹ́ Sátidé sì ti ní kí òun tà á kí òun mú 1911.

Má tíì tà á. Bí èèyàn ṣe ń yan oúnjẹ ni .22 ṣe ń yan ọta, ẹ̀yà kan lè máa há nínú èyí tí ẹ̀yà mìíràn ń sáré nínú rẹ̀. Kọ́kọ́ nù ún dáadáa, nítorí ọta .22 máa ń fi èéfín àti ìda sílẹ̀, o kò sì mọ ìgbà tí ẹni tí ó tà á fún ọ nù ún kẹ́yìn. Ra páálí kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yà mẹ́ta, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Yin 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o kọ iye tí ó há sílẹ̀ nínú ìwé. Fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi.